Pípọ́n àti Tútù

Sẹ̀línà Àdùkẹ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ dalẹ̀ mi láyé. Òun ló bí ìyá mi. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣe máa ń pe ìyá wọn. Oṣù méjì sẹ́yìn ló kú, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi nítòsí Dagenham East, lẹ́yìn tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ará ìjọ Aládùúrà rẹ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń jẹ́rìí sí ìwà rere rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n wá sọ tèmi. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́, tí mo gé èékánná rẹ̀, tí mo gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín.

Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí ọmọ-ọmọ máa lò fún ìyá àgbà rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo fi lò ó, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ gírámà. Nínú ìwé yìí, "ó" ni n ó máa pè é.

Gbogbo ohun tó wà láyé, ọ̀nà méjì ni Yèyé pín in sí: èyí tó pọ́n àti èyí tó tutù. Bó ṣe pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ṣe pín ènìyàn, ojú ọjọ́ àti ìwàásù. Bí ìwàásù kan bá wọ̀ ọ́ lára, á ní ó pọ́n. Bí dókítà ọ̀dọ́ kan bá wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á wò ó láti òkè délẹ̀, á wá yíjú sí mi: "Èyí ṣì tutù. Ṣé wọn ò ní òmíràn ni?" Dókítà á bi mí pé kí ni màmá wí, n ó sì ní wọ́n ń kí i ni. Èmi fúnra mi, tútù ni mo jẹ́ lójú rẹ̀. Mo gba oyè yunifásítì, mo tutù. Mo di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, mo tutù. Lọ́jọ́ tí mo pé ọgọ́ta ọdún, tí orí mi ti funfun bí òwú, mo fi ẹ̀rín bi í pé ṣé mo ti wá pọ́n báyìí. Ó na ọwọ́, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tẹ èso wò. Ó ní, "Ó kù díẹ̀, Rẹ́nikẹ́. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń wọ̀."

Ọkọ rẹ̀, bàbá ìyá mi, kúùkù ọkọ̀ ojú omi ni nígbà èwe rẹ̀. N kò bá a láyé. Ohun tó mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà tí kò ná títí tó fi kú ni owó bébà méjì. Ọ̀kan tóbi, ó fẹ̀ ju owó tí à ń ná lónìí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Èkejì kéré, ẹ̀yìn tirẹ̀ rí bí ewé, bíi ti dọ́là gbogbo. Yèyé sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe ń sọ ohun gbogbo: Pípọ́n àti Tútù. Inú Bíbélì ni Pípọ́n ń gbé, láàárín ìwé Sáàmù. Tútù wà nínú àpòòwé kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè rẹ̀.

Yèyé kò mọ̀wé. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje, tí mo ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì ketekete, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé Pípọ́n lé mi lórí itan. Ó ní kí n kà á. Mo ń fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ, mo sì bá wúrà pàdé níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ìwé náà ní ẹnikẹ́ni tó bá mú òun wá, ìjọba Amẹ́ríkà yóò ka owó wúrà lé e lọ́wọ́.

"Wúrà bíi ti yẹtí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Ó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé o fi kún un?"

Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka méjì fún ètè mi pọ̀, ó ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde ní yàrá. Nítorí pé mo gbà láìjanpata, ó fún mi ní gbólóhùn kan tí mo gbé kiri láti ìgbà náà bí ẹni gbé ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó kà á ló ni ín."

Lọ́dọọdún ló ń mú mi kà á. Nígbà tí ìyá mi kú, tí mo mú Yèyé wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé Bíbélì náà sórí itan nínú bàálù, kò jẹ́ kí wọ́n bá a gbé e sókè. Ní gbogbo ọjọ́ kìíní ọdún, yóò ṣí Sáàmù, n ó sì kà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, n kò wo ìwé náà mọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí. N ó máa bó iṣu, n ó máa kà á láti ìdí síǹkì, òun á di Pípọ́n mú lórí àga rẹ̀, á máa mi orí. Kò ní kí n ka Tútù rí. Èmi náà kò bèèrè. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, ó parí.

Ó máa ń lọ aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Á lọ sùtánà rẹ̀, á lọ àwọn áńkáṣíìfù rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, á wá mú Pípọ́n jáde. Á fi ìka ta omi ògì sí i lára, á tẹ́ áńkáṣíìfù lé e, á gbé áyọ́ọ̀nù lé e títí yóò fi le gbagidi bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ ìkórè, á tún gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Barking, wòlíì á ti àtàǹpàkò bọ òróró, á fi ṣe àmì àgbélébùú sí igun rẹ̀ kan. Òróró mọ́kàndínlógún ni mo kà, kí n tó yé kà á. Ibẹ̀ ti ń dán, èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀. Mo bá a wí títí ó fi sú mi. Mo ní, "Yèyé, bébà ni, kì í ṣe aṣọ."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ohun tí mo bá fẹ́ràn ni mo máa ń lọ̀."

Ata náà ni à ń lọ̀, mo rò ó nínú mi, n kò sọ ọ́.

Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó lè fi bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkùnrin ará Bangladesh kan wà ní Heathway tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, ó lẹ ìwé mọ́ iwájú àtẹ pé kí oníbàárà má tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò. Yèyé kò lè kà á, bó bá sì lè kà á, á ṣì tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ti kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Á gbé èyí tó pọ́n jù sókè: "Màmá, pọ́n! Pọ́n!" Lọ́jọ́ kan, Yèyé gba mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdí, ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó wá lọ mú àwọn kan lẹ́yìn àtẹ tí àwọ̀ wọn ṣì rí bí ewé. Ojú tì mí. Mo ní dòdò la fẹ́ din, kí ló máa fi èyí ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó wọn tà fún un.

"Fi ọwọ́ kàn án," ó ní. "Wọ́n fi oògùn mú tìrẹ yẹn pọ́n ni. Kì í ṣe gbogbo ohun tó pọ́n ló gbó."

Mo ti fẹ́ fo èyí tó kàn, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Ọdún kejì tí Yèyé dé ọ̀dọ̀ mi ni ọkọ mi, Fẹ́mi, kó ẹrù rẹ̀ lọ bá obìnrin kan ní Chadwell Heath. A kò bímọ. Yèyé ti mú orúkọ kan pamọ́ fún ọmọ mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa: Ìrètíolú. Ó máa ń pè é nígbà míràn bó bá ń gbàdúrà fún mi, bí ẹni pé ọmọ náà wà ní yàrá kejì, ó ń gbọ́. Obìnrin Chadwell Heath bímọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, Yèyé wọ aṣọ funfun, ó ní òun ń lọ síbi àdúrà kan. Ẹni tó wá fi mọ́tò gbé e ni Káyọ̀dé, ọmọ àbúrò ìyá mi, tó ń gbé ní Whalebone. Káyọ̀dé yìí náà ló sọ fún mi, ó rò pé mo ti mọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ó tiẹ̀ dára bí Yèyé ṣe sọ ọmọ yẹn lórúkọ. Ìrètíolú. Orúkọ tó sweet."

Mo bá Yèyé ní kíṣìnnì.

"Yèyé, orúkọ ta lẹ lọ fún wọn?"

"Ọmọ náà kò ṣẹ̀ ẹ́."

"Orúkọ ọmọ mi ni."

"Ọmọ wo?"

Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọlé ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ó wá ní, "Orúkọ tí a kò bá pè, ikán ní í jẹ ẹ́."

Ogójì ọjọ́ ni n kò bá a sọ̀rọ̀. Mo ń gbé oúnjẹ fún un, mo ń gbé abọ́ kúrò. Lọ́jọ́ kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣí Bíbélì, ó gbé Pípọ́n sókè, ó ń wò mí. Mo kà á fún un. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo gbà pé ó jẹ́ tèmi lọ́wọ́ obìnrin yìí, n kò sì ní fi ìbínú sọ ọ́ nù. Ẹni tó kà á ló ni ín. Kì í ṣe iye tí wọn yóò rà á ló ká mi lára. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tó sọ fún mi ṣẹ ni.

Ní ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí Káyọ̀dé má tíì lọ. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀ mi, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, àpòòwé ìsàlẹ̀ àpótí sì wà lórí Bíbélì. Káyọ̀dé ń wo fóònù rẹ̀. Yèyé fa Pípọ́n yọ nínú Sáàmù, ó nà án sí i.

"Ọmọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi ni ẹ́. Gbà."

Mo rò pé ó ṣi ọwọ́ nà ni. Mo ní, "Yèyé, èmi nìyí."

"Mo rí ẹ."

"Ẹ sọ pé ẹni tó kà á ló ni ín."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó ti ń tú àpòòwé. Ó mú Tútù jáde, kékeré, ó mọ́ nigínnigín, ó nà án sí mi. "Tìrẹ rèé. Kà á fún mi."

Níwájú Káyọ̀dé. Níwájú ẹni tó fi mọ́tò gbé e lọ sọ orúkọ ọmọ mi dànù. Mo ní, "Kí ni n ó kà níbẹ̀? Ṣé mi ò mọ dọ́là ni? Ẹ kó méjèèjì fún un."

"Kà á, Rẹ́nikẹ́."

"Mi ò fẹ́. Káyọ̀dé, mú un. Mo ní kí o mú un."

Káyọ̀dé wo Yèyé, ó wò mí, ó mú un. Yèyé pa Bíbélì dé. Ó ní, "Ó ti sọ ọ́ nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Káyọ̀dé pè mí. Ó ti rí ọkùnrin kan ní ọ̀nà Romford, lẹ́yìn Rush Green, tó máa ń díye lé owó àtijọ́. Ọkùnrin náà fẹ́ rí ẹni tó mọ ibi tí owó méjèèjì ti wá. Mo ní n ó bá a lọ. N kò ní purọ́: mo fẹ́ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá sọ fún un pé iyebíye ni, kí n lè fi ojú mi rí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo tún mọ̀ nínú ara mi nípa òróró yẹn àti omi ògì yẹn.

Ọkùnrin òyìnbó kan ni, ó dàgbà, ó wọ súwẹ́tà tí ìgunpá rẹ̀ ti lu. Pípọ́n ló kọ́kọ́ gbé. Kò bìkítà fún ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n. Ó gbé e wo iná, ó gbé e sún mọ́ imú, ó wá bi wá, bí ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ̀ wá, pé ṣé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ni. Káyọ̀dé kò mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú omi ògì, ní Sátidé Sátidé. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ara bébà ti kú, ìlà tó yẹ kí ọwọ́ máa bá pàdé ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi ìka yí igun tó ń dán ká. "Èyí ńkọ́?" Mo ní òróró àdúrà ni. Ó ní ojúlówó ni, ìwé wúrà ni lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ kò ní fi iye púpọ̀ rà á. Ó ní ìjọba tó tẹ̀ ẹ́ kì í fi wúrà pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iye tí wọ́n kọ sí i lára nìkan ni wọn yóò san.

Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ó mú Tútù. Kò tilẹ̀ yí i padà wo ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó fi awò kékeré kan há ojú, ó sún mọ́ iná, ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Káyọ̀dé fi ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ó ní ṣé a rí òǹtẹ̀ yìí? Mo tẹ̀ síwájú. Òǹtẹ̀ náà pọ́n. Nọ́ńbà rẹ̀ náà pọ́n, wọ́n pọ́n bí pupa ẹyin inú àwo. Lókè téńté, lójú ìwé, ní lẹ́tà ńlá tí ọmọ ọdún méje lè kà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé ẹ̀rí wúrà ni. Ó ní nígbà tí wọ́n sọ owó náà di kékeré, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Òǹtẹ̀ ni èèyàn fi ń mọ ti wúrà. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo ẹ̀yìn. Ó tún fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ìràwọ̀ tíńtín kan tó ṣáájú nọ́ńbà. Ó ní àmì náà túmọ̀ sí pé èyí tó yẹ kó wà nípò rẹ̀ bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ owó, èyí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọn kò sì pọ̀. Kò sí ẹni tó lọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó fi òróró kàn án. Ìlọ́po mẹ́wàá ló fi ju èkejì lọ, ó sì tún ní òun kò tíì parí ìṣirò.

Nínú mọ́tò, Káyọ̀dé kò tíì ṣáná sí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n mú un."

"Èmi ni."

"Lẹ́ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́, Àǹtí."

"Wa mọ́tò, Káyọ̀dé."

Ó ti tà á báyìí, ó fi tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe. Ó fi Pípọ́n ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìsìnkú, nínú àpòòwé ìsàlẹ̀ àpótí yẹn. Ó wà nínú Sáàmù. Ó ṣì le gbagidi.

Ohun tí n kò lè gbé mì ni bóyá Yèyé mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó wà lójú ìwé? Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ sọ fún un. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ kí ó tó kú ni, kí ó mọ ohun tó ti gbé pamọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ti dùbúlẹ̀ nígbà náà, kì í dìde mọ́. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mo sọ fún un gbogbo ohun tí ọkùnrin Romford sọ, mo sọ ti òǹtẹ̀, mo sọ ti ìràwọ̀. Mo ní, "Yèyé, ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

Ó di ojú. Mo rò pé ó ti sùn.

Mo ní, "Ẹ dalẹ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méje lẹ ti sọ fún mi pé ẹni tó kà á ló ni ín."

Ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ń wá mi kiri lójú afẹ́fẹ́ títí ó fi bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ èso wò. Lẹ́yìn ohun tí wọ́n sọ yìí, wọn kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí wọ́n fi lọ. Wọ́n ní, "Mo gbé e fún ẹ, mo ní kí o kà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo wò, Rẹ́nikẹ́. O ò ka ojú rẹ̀."